Iṣẹ́ Tuwáàlì Tí Ọmọ Mi Ń Kọ́

Ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo ló sọ mí di ẹni ẹ̀rín nínú ọjà Atakpamé. Tuwáàlì ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi Àwẹ̀ní, ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ta aṣọ nínú ọjà yìí. Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Atakpamé, ní Togo níbí, ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ aṣọ. Lọ́dọ̀ àwa tí a ń ta aṣọ, tuwáàlì ni aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo fóòmù ìbùsùn, tí àwọn tó ń pàtẹ sójú títì sì máa ń ta bo orí nítorí oòrùn. Nítorí náà, nígbà tí Àdúràọlá, ọmọ mi kan ṣoṣo, pè mí láti yunifásítì ní Lomé, tó ní, "Màámi, mo ti mú ohun tí mo fẹ́ gbájú mọ́. Tuwáàlì ni," ńṣe ni orí mi wú. Ọmọ aláṣọ lọ kọ́ ìmọ̀ aṣọ dé yunifásítì! Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní yangàn?

Mo yangàn. Ọdún méjì gbáko ni mo fi yangàn. Mo sọ fún Léonie, ọmọ Ewé tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo sọ fún àwọn oníbàárà tí kò bi mí léèrè. Nígbà tí ọmọ náà ní òun nílò ọ̀pá méjì àrán dúdú fún iṣẹ́ òun, mẹ́ta ni mo gé fún un. Mi ò tilẹ̀ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ó wálé nínú oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú báàgì tó kún fún ìgò kéékèèké, awò kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àti ìdì rìbọ́ọ̀nù pupa. Léonie ló kọ́kọ́ bi í pé irú aṣọ wo gan-an ló ń kọ́. Ọmọ náà wò ó tìyanutìyanu. Ó ní, "Aṣọ kẹ̀? Tuwáàlì aláǹtakùn ni."

Àwọn Faransé tó ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tó báyẹn, orúkọ kan náà ni wọ́n sọ aṣọ àti àwọ̀n aláǹtakùn! Léonie rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mi mú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọjà ti gbọ́. Àwọn oníbàárà ń dé, wọ́n ń ní, "Ìyá aláǹtakùn, ẹ kú ọjà o."

Mo bínú. Mo ní, "Àdúrà, ṣé nítorí aláǹtakùn lo ṣe lọ Lomé? Ṣé o ò rí wọn ní igun àjà wa ni? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n níbẹ̀!" Ó kàn ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń ká aṣọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹ̀rín Léonie kọ́ ló dùn mí jù. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ojú mi ń lọ. Ó ti lé lọ́dún kan tí kùrukùru kan ti ń bò ó. Ti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Ti òsì ṣì ń ríran díẹ̀ bí mo bá gbé nǹkan súnmọ́ imú, tí ìmọ́lẹ̀ sì dára. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Aláṣọ tí kò mọ àwọ̀ ewé yàtọ̀ sí búlúù, ta ni yóò ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìka mi ni mo fi ń mọ ojúlówó àǹkárá yàtọ̀ sí ayédèrú, ibi tí mo to nǹkan sí ni mo sì fi ń mọ àwọ̀. Lọ́jọ́ kan mo ta aṣọ pupa àti dúdú, èyí tí àwọn ará ibí ń wọ̀ lọ síbi òkú, fún obìnrin kan tó fẹ́ fi kó ọmọ jáde. Ó gbé e padà pẹ̀lú omijé. Mo ní iná ló lọ tí mo fi ṣì í mú.

Ohun tí mo gbójú lé ni pé Àdúràọlá yóò parí ìwé, yóò wá jókòó tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ yóò sì di ojú mi. Láìsí i, n ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ó sì wá ní òun fẹ́ lọ sí Dakar, ní Senegal. Ọ̀gá rẹ̀ kan ní yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Joachim, ti bá a wá ààyè síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kó lè tẹ̀síwájú lórí àwọn aláǹtakùn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fèsì kí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó pọ́n. Mi ò sọ pé rárá, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Rárá náà wà lẹ́nu mi, mo kàn ń wá ibi tí n ó tu ú sí ni.

Ní ọjọ́ Alámísì, lẹ́yìn oúnjẹ, ó kúnlẹ̀ síwájú mi. "Màámi, ẹ tẹ̀lé mi lọ sóko lọ́la. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ohunkóhun tí ẹ bá wá sọ lẹ́yìn ìyẹn, mo gbà." Mo gbà láti lọ. Mo rò ó nínú ara mi pé inú igbó dára fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Léonie kò ní sí níbẹ̀ láti tẹ́tí.

Bí a ṣe kírun àsùbáà tán, a gun ọ̀kadà méjì, tí a ń pè ní zémì níbí, wọ́n gbé wa gba ọ̀nà Elavagnon, wọ́n sì já wa sílẹ̀ níbi oko ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Jules. Ọmọ Ifẹ̀ ti Togo níbí ni Jules, kì í ṣe ti Ilé-Ifẹ̀, ó gbin kajú, ó sì gbin àgbàdo sáàárín rẹ̀. Èdè Ifẹ̀ tó ń sọ àti Yorùbá tiwa kò jìnnà síra. Bó bá rọra sọ ọ́, mo máa ń gbọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè ọjà, ó sì ní ọmọ mi ni kò jẹ́ kí òun gé koríko etí oko òun mọ́. Gbogbo ibi tí aláǹtakùn ta àwọ̀n sí, Àdúrà ti so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà.

"Màámi, ẹ di ọwọ́ mi mú," Àdúrà wí.

"Ṣé arọ ni mí?" ni mo dá a lóhùn. Mo já ọwọ́ mi gbà, mo sì ṣíwájú.

Mi ò rí rìbọ́ọ̀nù kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nǹkan kan bò mí lójú, ó lẹ̀ mọ́ mi nímú àti ètè, mo sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń já, ó ń dún táń, táń, bí ìgbà tí a ń tú ojú rírán. Mo pariwo. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a dànù. Mo wá dúró. Mo gbọ́ tí Jules rọra sọ pé nọ́ńbà mọ́kànlá nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni ọmọ mi ti fi ń ṣọ́ nọ́ńbà mọ́kànlá. Ó ti kọ gbogbo ohun tó pa, gbogbo ohun tó jẹ, àti bí àwọ̀n rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó láràárọ̀. Mo ń retí kó bú mi. Kò bú mi. Ó súnmọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú náà kúrò lára gèlè mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mí lé mi lójú.

"Kò sí nǹkan, màámi. Yóò tún un ta."

"Nígbà wo?"

"Báyìí. Tí a bá lè dákẹ́."

Ó yọ àrán dúdú tí mo gé fún un nínú báàgì, ó so ó mọ́ ẹ̀ka kajú méjì lẹ́yìn ibi tí mo ti ba nǹkan jẹ́. Jules yí ìkòkò agbada kan dé, wọ́n sì mú mi jókòó lé e, ó súnmọ́ àrán náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ òórùn aṣọ tuntun lára rẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láti ẹ̀gbẹ́. Mo fi ojú òsì wò ó. Mo rí òwú kan ṣoṣo, funfun lórí dúdú, tó mọ́lẹ̀ kedere. Mi ò tíì rí nǹkan kedere báyẹn láti ọdún kan. Mo rọra di agbada náà mú.

Aláǹtakùn náà jáde wá láti abẹ́ ewé. Ó tó àtàǹpàkò mi, ó dúdú, ó ní ìlà òféèfèé lẹ́yìn. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyókù àwọ̀n tí mo fà ya jọ sẹ́nu.

"Ó ń jẹ ẹ́!" ni mo sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òwú àná ló ń jẹ, kó lè fi ta tòní."

Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ àkísà ni mo ti dà nù láyé mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀dá kan wà tó lè jẹ ògbólógbòó aṣọ kó sì fi ṣe tuntun.

Ó gun orí ẹ̀ka kan lọ, ó gbé ìdí sókè, ó sì dá òwú kan sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Òwú náà ń fò lọ, ó ń tàn, kò sí ẹni tó dì í mú. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka kejì. Aláǹtakùn náà fi ẹsẹ̀ fà á wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó rìn lórí rẹ̀ kọjá, ó sì ń fi òmíràn kún un bó ṣe ń lọ. Ó padà sí àárín, ó já ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, ó dé orí koríko kan nísàlẹ̀, ó so ó mọ́ ọn.

"Àwọ̀n náà ti ní ẹsẹ̀ mẹ́ta," Àdúrà wí. "Àárín yẹn ni yóò jókòó sí nígbà tó bá parí. Ẹ wò ó, apá òkè lọ́wọ́ òsì ni yóò lọ báyìí."

Ó lọ sí òkè lọ́wọ́ òsì.

"Yóò wá sí ìsàlẹ̀, òdìkejì gan-an, kí àwọ̀n má baà fì sí apá kan."

Ó wá sí ìsàlẹ̀. Ọmọ mi ń sọ ọ́, kòkòrò náà ń ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Títí ó fi na ọgbọ̀n okùn láti àárín dé etí, Àdúrà kò ṣì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, nígbà tó bá sì ṣì, ó máa ń rẹ́rìn-ín sínú, ó sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po láti àárín bọ̀ lóde. Òwú tó fi ń yí po yìí jìnnà síra púpọ̀, ìka mi méjì lè gba àárín rẹ̀. Ojú aláṣọ mi kò gbà á.

Mo ní, "Iṣẹ́ jákujàku. Kí ni èyí fẹ́ mú? Ẹyẹ?"

"Ẹ fara balẹ̀. Àwọ̀n kọ́ nìyẹn."

Ó dé etí. Ó dúró díẹ̀. Ó wá yí padà, ó ń bọ̀ wá sí àárín, òwú mìíràn ló sì ń fà lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó lẹ̀, tó ń dán nínú oòrùn. Kí ó tó so ó mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan, ó máa ń na ẹsẹ̀ kan láti wá ìlà tó so kẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ náà wọn ọ̀nà, ó wá so ó. Na ẹsẹ̀, wọ̀n ọ́n, so ó. Bí mo ṣe ń fi apá wọn aṣọ fún oníbàárà nìyẹn, apá temi sì máa ń ṣì. Tirẹ̀ kò ṣì. Ibi tí òwú tuntun bá sì dé, ibẹ̀ ló ti ń gé òwú àkọ́kọ́ yẹn kúrò.

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Àwọn télọ̀ máa ń fi òwú ńlá so aṣọ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rán an, tí wọ́n bá sì rán an tán, wọ́n á yọ òwú náà dànù. Ó máa ń tó ọdún kan kí ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe kó tọ́. Irú òwú yìí kan náà ni mo pè ní iṣẹ́ jákujàku.

"Sùbúhánàlláhì," ni mo wí. "Ta ló kọ́ kòkòrò yìí?"

"Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó jáde láti inú ẹyin."

Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tó máa ń ba èèyàn nígbà tí imáàmù bá ń gbàdúrà, tí gbogbo mọ́sáláṣí sì dákẹ́ rọ́rọ́. Jules pàápàá, tó ti ń kọjá níwájú àwọn nǹkan wọ̀nyí láti kékeré, ti lóṣòó sẹ́yìn wa, ó gbé àdá lé orúnkún.

Kò pé wákàtí kan tó fi parí. Ó jókòó sí àárín, ó dorí kodò, ó na ẹsẹ̀ mẹ́jọ lé àwọn okùn náà lórí. Àdúrà ní kí n wo bí apá ìsàlẹ̀ ṣe fẹ̀ ju ti òkè lọ, nítorí pé sísáré lọ sísàlẹ̀ yá a lára ju gígun òkè lọ. Ó ní tí ó bá yó, àwọ̀n kékeré ló ń ta, ṣùgbọ́n tí ebi bá ń pa á, ńlá ni. Mo ní ìwà Léonie gan-an nìyẹn, tó bá ti tà dáadáa, agogo méjì ló ń palẹ̀ mọ́. Àdúrà ní ohun tí òun ń wá ni iye ọjọ́ tí aláǹtakùn máa ń fi dúró síbi tí kò ti rí nǹkan pa kó tó ṣí lọ síbòmíràn. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n tata kékeré kan fò wá, ó kó sínú àwọ̀n nísàlẹ̀. Aláǹtakùn náà kò yíjú wò ó. Ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ta àwọn okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan èyí tó wúwo. Ó wá sáré bá a tààrà, ó sì ń wé e ní òwú.

"Kí ló dé tí kò wò ó?" mo bi í.

"Ojú mẹ́jọ ló ní, màámi, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ló fi ń ríran." Ó di ìka mi mú. "Bí ẹ ṣe ń fi ìka ríran."

Jules dìde, ó rọra kúrò lọ́dọ̀ wa.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Ohùn mi le. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi bò ó.

"Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Ọdún méjì ni mo fi ń wo ohun tí kò ríran bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo délé, mo rí i bí ẹ ṣe ń fi àtàǹpàkò wá etí aṣọ, tí ẹ dúró, tí ẹ tún fọwọ́ kàn án kí ẹ tó sọ ohun tó jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n lánàá. Mo ní mi ò lè wá mọ́. N ó jókòó tì yín ní ṣọ́ọ̀bù."

Ohun tí mo wá gbà níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti fún mi kí n tó la ẹnu.

"Kí ló dé tí o wá mú mi wá síbí nígbà náà?"

"Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i lẹ́ẹ̀kan, màámi, kí n tó fi í sílẹ̀."

Ojú tì mí. Ọmọ tó mọ ohun tí kòkòrò fẹ́ ṣe kí kòkòrò náà tó ṣe é, òun ni mo fẹ́ fi sídìí àǹkárá, kó máa sọ fún mi pé èyí pupa, èyí dúdú. Mo rántí ẹ̀rín kékeré yẹn tó ń rín sínú nígbàkigbà tó bá ṣì í. Mo ní, "Pe ọ̀gá rẹ."

"Màámi..."

"Mo ní kí o pè é!"

Jules ní orí òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́bàá ọ̀nà nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé. Ọmọ náà fà mí gòkè, mo sì jẹ́ kó fà mí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìpè náà, mo gba fóònù. Faransé ọjà ni mo mọ̀, òun náà ni mo sọ.

"Mùsé, èmi ni ìyá Àdúràọlá. Ìwé tó dé ọ̀dọ̀ yín lánàá, ẹ fà á ya. Òun kọ́ ló kọ ọ́, èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, màdáàmù?"

"Èmi ni. Ojú mi kò dára. Mi ò rí ohun tí mò ń kọ."

Irọ́ ńlá. Mi ò lè kọ gbólóhùn kan ní Faransé, ká tilẹ̀ fi ojú mẹ́jọ fún mi. Mo rò pé ọkùnrin náà yóò bínú. Ṣùgbọ́n ó rọra bi mí pé kí ló ṣe ojú mi.

Mo sọ fún un. Mo sọ ti kùrukùru náà, mo sọ ti ọ̀tún tó ti dí, mo sọ ti aṣọ òkú tí mo tà fún ìyá ìkókó, mo sì sọ pé ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ojú ń bà mí. Àjèjì tí mi ò rí rí ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún, lórí òkìtì ọ̀gán, lójú Jules àti lójú ọmọ mi. Ó ní àwọn dókítà wà tó lè ṣí kùrukùru bẹ́ẹ̀, kí n má ṣe dúró pẹ́. Mo ní n ó lọ. Ó ní tí ìwé mìíràn bá dé ọwọ́ òun kí ọ̀sán tó pọ́n, òun kò rí ti àná.

Mo da fóònù padà sọ́wọ́ Àdúràọlá. Omijé ń já bọ́ sórí fóònù náà, ó sì ń fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún.

"Kọ ọ́ báyìí," ni mo wí. "Kí o sì máa kà á sókè bí o ṣe ń kọ ọ́. Mi ò ríran kà á."